Ìntálọ́ọ̀kì àti kọnkéré olóǹtẹ̀: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tún ọgbà ilé ńlá ṣe

Ẹni tó bá ní ilé lórí púlọ́ọ̀tì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí irú àwọn tó wà ní Jẹ́ríkò àti Bódìjà n'Ìbàdàn, tó sì fẹ́ sọ ìta ilé rẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ gidi, pẹ̀lú ilé ìdáná ìta, odò ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi tí àlejò yóò ti máa gba atẹ́gùn, àga àti gàsíbò (àtíbàbà inú ọgbà) ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ wò. Ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan yòókù máa dúró lé, abẹ́ rẹ̀ sì ni gbogbo páìpù àti wáyà máa gbà. Lóde òní, nǹkan méjì ni àwọn agbaṣẹ́ṣe máa ń gbé síwájú onílé: ìntálọ́ọ̀kì, ìyẹn òkúta sìmẹ́ǹtì kéékèèké tí wọ́n ń tò sórí yanrìn, àti kọnkéré olóǹtẹ̀, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n pa láró tí wọ́n sì fi róbà ọlọ́nà tẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, kó lè jọ òkúta tàbí pákó. Méjèèjì ló wà nínú ọgbà mi: ìntálọ́ọ̀kì láti géètì dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, kọnkéré olóǹtẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. N kò ka táìlì dídán mọ́ ìfiwéra yìí rárá, nítorí òjò kan ṣoṣo tó láti gbé àlejò ṣubú lórí rẹ̀.

Ní ti ẹwà, kọnkéré olóǹtẹ̀ ló borí, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tábìlì kì í mì lórí rẹ̀, bàtà gogoro kì í há sínú rẹ̀, koríko kì í sì í rí àlàfo yọ orí. Ìntálọ́ọ̀kì kò ní irú àǹfààní yẹn: koríko àti èèrà máa ń wá àárín òkúta rẹ̀ kiri, ó sì yẹ kí ẹ máa gbá yanrìn sínú àlàfo wọn lẹ́yìn ìgbà òjò.

Ohun tí kì í sí nínú ìwé owó agbaṣẹ́ṣe kankan ni iye tí yóò ná yín láti ṣí ilẹ̀ náà padà. Ìta ilé ńlá kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Páìpù omi bohóòlù, páìpù tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀kàwé, wáyà jẹnẹrétọ̀ àti ti sólà, wáyà iná ọgbà, páìpù tó ń gbé omi odò ìlúwẹ̀ẹ́ lọ sínú ẹ̀rọ asẹ́: abẹ́ ẹsẹ̀ yín ni gbogbo wọn wà, bó pẹ́ bó yá, ọ̀kan nínú wọn á bàjẹ́. Agbaṣẹ́ṣe tó da kọnkéré ẹ̀yìnkùlé mi gbé páìpù omi ìdọ̀tí ilé ìdáná gba abẹ́ rẹ̀ láìfi máńhóòlù kankan sílẹ̀, ó ní máńhóòlù yóò ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́. Nígbà tí ojú ìsopọ̀ páìpù náà já, òórùn ló kọ́kọ́ ta wá lólobó. Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ohun tó ṣófo bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí omi ti wọ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn oníṣẹ́ gbé ẹ̀rọ fáílìn tí wọ́n fi ń gé kọnkéré wá, eruku kọnkéré bo fèrèsé, ó bo àga, ó bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí fẹ́ǹsì. Wọ́n gé ihò kan, páìpù kò sí níbẹ̀, wọ́n bá tún gé òmíràn.

Nígbà tí wọ́n dà á padà tán, àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àtijọ́ mu, kò sì lè bá a mu, nítorí oòrùn àti òjò ti ṣá èyí tó wà nílẹ̀, àró tuntun kì í ṣe ti àdàpọ̀ kan náà, róbà òǹtẹ̀ kò sì lè bọ́ sójú ìlà àtijọ́ géérégé ní etí ibi tí wọ́n gé. Bí ìdí ṣòkòtò tí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ló rí títí di òní, ibi tí àlejò ń jókòó sí gan-an ló sì bọ́ sí. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí agbaṣẹ́ṣe náà ní ni pé kí a tún gbogbo rẹ̀ kùn, kí a sì san owó rẹ̀ lọ́tọ̀.

Níwájú ilé, níbi tí ìntálọ́ọ̀kì wà, wáyà iná géètì jóná lábẹ́ ilẹ̀. Bíríkìlà kan fi irin hú òkúta kan jáde, ó ṣí àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. A pààrọ̀ wáyà, ó da yanrìn padà, ó gún un mọ́lẹ̀, ó sì to àwọn òkúta kan náà sí àyè wọn. Ọkọ̀ gba orí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè tọ́ka sí ojú ibi tí a ṣí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sísán kún un. Kọnkéré kì í ṣàì sán, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi máa ń gé ìlà sí i ní nǹkan bíi mítà 3 síra wọn, kí ojú sísán lè gba ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ òǹtẹ̀ kì í fẹ́ gé e, nítorí ìlà náà ń gba àárín ọnà wọn kọjá. Ní Lẹ́kí àti ibikíbi tí wọ́n ti kó yanrìn dí omi, ilẹ̀ lè máa rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìntálọ́ọ̀kì yóò tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ ó sì tún un tò, ṣùgbọ́n kọnkéré tó bá ti dá sí méjì ti dá náà nìyẹn.

Ohun kejì tí kì í sí nínú ìwé owó ni àríyá. Àwa tí a ń ṣe ìkómọ àti ọjọ́ ìbí nínú ọgbà mọ̀ pé àwọn onikánópì máa ń gbá irin mọ́lẹ̀, àwọn alásè sì máa ń gbé ìkòkò àmàlà ka iná igi níbi tó bá wù wọ́n. Iná lórí kọnkéré máa ń lé omi inú rẹ̀ jáde tipátipá, ojú rẹ̀ á sì bó. Epo pupa tó bá dà sí i kì í lọ bọ̀rọ̀. Ìntálọ́ọ̀kì náà kò mórí bọ́ lọ́wọ́ iná àti epo, ṣùgbọ́n òkúta mélòó kan lẹ ó pààrọ̀, bí ẹ bá ti ra díẹ̀ pa mọ́ nígbà tí ẹ ń rà á.

Ní ti ẹrù, méjèèjì lè gbé e. Tánkà omi lítà 10,000 gbé tọ́ọ̀nù 10 omi, láìka ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó bá máa gbà, ìntálọ́ọ̀kì mìlímítà 80 ni kí ẹ lò, kí mìlímítà 60 wà fún ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ kékeré. Bó bá jẹ́ kọnkéré, kó tó mìlímítà 150, kí irin BRC, ìyẹn irin tó rí bí àwọ̀n, sì wà nínú rẹ̀.

Ní ti omi òjò, ẹ má gba ẹni tó bá sọ pé ìntálọ́ọ̀kì ń mu òjò gbọ́. Díẹ̀ ló ń mu, ìyókù ń ṣàn, nítorí náà ìdagẹ̀rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 2 sí mítà kọ̀ọ̀kan yẹ méjèèjì, kó sì kọjú sí gọ́tà. Nínú ìlú bí Ìbàdàn, tí odò Ògùnpa ti kún bò ní 1980, tí àkúnya omi tún bá ní oṣù kẹjọ 2011, kò bójú mu kí ẹ da gbogbo ilẹ̀ yín bò láìfi àyè koríko sílẹ̀.

Ìtọ́jú: kọnkéré olóǹtẹ̀ ń fẹ́ ọ̀dà dídán tuntun tó ń dáàbò bo ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta síra wọn, òkè òkun ni púpọ̀ nínú ọ̀dà náà ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé dọ́là. Bí wọ́n bá kùn ún láìfi nǹkan oníkókó sí i, ó ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Fún etí odò ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí abẹ́ gàsíbò, bí páìpù kò bá gba abẹ́ ibẹ̀, kọnkéré olóǹtẹ̀ kò burú, ó sì dára lójú. Ibi yòókù gbogbo, ìntálọ́ọ̀kì ni n ó fi sí bó bá jẹ́ owó mi. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìntálọ́ọ̀kì ló dára. Ẹ gbá òkúta méjì lu ara wọn: èyí tó gbó dáadáa ń dún bí irin, èyí tí kò gbó ń dún wọ̀m̀. Ẹ fọ́ ọ̀kan, kí ẹ wo bóyá àárín rẹ̀ dì. Ẹ yẹra fún àwọn tí wọ́n dà sínú róbà tí ojú wọn ń dán bí àwo, nítorí wọ́n ń yọ̀. Ẹ rí i pé wọ́n fi kọ́ńpátọ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ le, kilẹ̀ ní ìpele ìpele kí wọ́n tó da yanrìn sí i, kí kẹ́ẹ̀bù, ìyẹn òkúta gígùn tí wọ́n ń rì sí etí ilẹ̀, sì di gbogbo etí rẹ̀ mú. Kí ẹ tó bo ilẹ̀, ẹ ya fọ́tò gbogbo páìpù àti wáyà pẹ̀lú tépù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí ẹ sì di ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà mú títí òjò ńlá kan yóò fi rọ̀ sí i, kí ẹ lè mọ ibi tí omi ń dúró sí, kí agbaṣẹ́ṣe sì lè padà wá tún un ṣe kó tó gba ìyókù owó rẹ̀.