Ìgò rọ́bà àyà tí mò ń ṣọ́ lóru

Nọ́ọ̀sì ni mí níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ara wọn ò yá gan-an. Ìgò oníke yìí la máa ń so mọ́ rọ́bà tí dókítà bá ti ki bọ àyà ẹni tí egungun ìhà rẹ̀ ṣẹ́, tó gún ẹ̀dọ̀fóró. A ó bu omi sí i dé ojú ìlà, kí ẹnu rọ́bà lè wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 2. Afẹ́fẹ́ á jáde, kò ní ríbi padà wọlé.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé ó ń sọ̀rọ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lóru ọjọ́ kan, omi ń lọ sókè sódò bí aláìsàn ṣe ń mí, ọkàn mi sì balẹ̀. Tí kò bá mira mọ́, ó lè jẹ́ pé rọ́bà ti ká tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí i; ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀fóró ti fẹ̀ padà. Tó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ṣì ń jò nìyẹn. Ẹ má dí rọ́bà náà pa o! Afẹ́fẹ́ á há sínú àyà.

Àléébù rẹ̀? Ìdí rẹ̀ kéré jù. Ẹsẹ̀ àlejò kan gbá a, omi dànù, mo sáré gbé e dìde, mo bu omíràn sí i. Ìlà ìwọ̀n rẹ̀ tún ń ṣá, bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá tú jáde tó mìlílítà 1,500 lẹ́ẹ̀kan náà, oníṣẹ́ abẹ ni kéèyàn pè kíá. Ìkọ́ tó fi ń rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣáà lágbára.