Àjọ ojoojúmọ́ ní ọjà Atákúnmọ́sà, Iléṣà

Fún oníṣòwò tí owó kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀, alájọ ṣì wúlò. Ojú 31 ló wà nínú káàdì àjọ, ojú kan fún ọjọ́ kan. Bí ẹ bá ń dá ₦500 lójúmọ́ títí ó fi kún, ₦15,500 nìyẹn. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, ẹ ó kó ₦15,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ọjọ́ 10 péré tó ní òun fẹ́ kó o, ₦500 yẹn náà ni wọ́n máa yọ nínú ₦5,000. Ó ti wọ́n jù!

Ẹ jẹ́ kí alájọ fàmì sí káàdì lójú yín, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ìjà dé. Alájọ tó ń fi owó àjọ yá èèyàn, ẹ sá fún un. Èyí tó ń sáré lọ san án sí báńkì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ló tẹ́ mi lọ́rùn.