Loghain inú Dragon Age: Origins: ẹ má tètè pa á

Ọdún 2009 ni BioWare gbé gémù Dragon Age: Origins jáde. Ìjà inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n Loghain Mac Tir, ọ̀gágun ilẹ̀ Ferelden inú ìtàn náà, ló jẹ́ kó ṣì yẹ ní rírà dòní. Ní Ostagar, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn abàmì ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní darkspawn jà, àdéhùn ni pé bí iná bá ti ràn lórí ilé ìṣọ́, kí Loghain kó ọmọ ogun rẹ̀ wọ ìjà. Iná ràn, ó rí i, ó sì kó wọn padà sílé. Ọba Cailan, ọkọ ọmọ rẹ̀, kú síbẹ̀. Loghain tún wá di ẹ̀bi ru àwọn Grey Warden, ẹgbẹ́ jagunjagun tó ń gbógun ti darkspawn, tí ẹni tí ẹ fi ń ṣeré náà wà lára wọn.

Ta ni kò ní kórìíra irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àmọ́ ẹ wo ibi tó ti ń bọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, abẹ́ ìnilára Orlais, ilẹ̀ tó gba Ferelden nígbà náà, ló sì dàgbà sí. Ogun tí wọ́n fi lé Orlais jáde ní Ferelden ló sọ ọ́ di ọ̀gágun. Cailan wá fẹ́ kí ọmọ ogun Orlais wọlé wá ṣèrànwọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Kí ẹ tó lè mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ gbọ́dọ̀ dá a sí ní Landsmeet, ìpàdé àwọn ìjòyè Ferelden. Ẹ má fi Alistair, Grey Warden ẹlẹgbẹ́ yín, bá a jà, torí bó bá borí, pípa ló máa pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ bá a jà fúnra yín, kí ẹ sì gbà nígbà tí Riordan, Grey Warden àgbà kan, bá ní kí wọ́n sọ ọ́ di Grey Warden. Alistair á bínú lọ, nítorí náà ẹ ti bọ́ ìhámọ́ra àti idà tó bá dára lára rẹ̀ ṣáájú ìpàdé náà.

Ibi tí gémù yìí ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: òpin ti sún mọ́lé kí Loghain tó dara pọ̀ mọ́ yín. Ẹni tó bá ti parí gbogbo iṣẹ́ kò ní ráyè bá a rìn. Ẹ fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ de ìgbà náà. Ẹ fún un ní máàpù, ó fẹ́ràn wọn gan-an, kí ẹ sì bá a sọ̀rọ̀ ní àgọ́. Bí ẹ bá bi í nípa Ostagar, kò ní bẹ̀bẹ̀. Lójú tirẹ̀, ogun náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ohùn Simon Templeman, òṣèré tó sọ̀rọ̀ fún un, bá a mu wẹ́kú, ohùn àgbà jagunjagun tí ó ti rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ostagar ṣì ṣeé jiyàn lé. Ti àwọn elf, ẹ̀yà tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ní Denerim, olú ìlú Ferelden, tó jẹ́ kí wọ́n tà lẹ́rú fún ilẹ̀ Tevinter láti fi rówó jagun kò ṣeé jiyàn lé rárá. Ẹni tó kórìíra ìnilára tó bẹ́ẹ̀ ló gbà kí wọ́n ta ọmọ ìlú rẹ̀! Lẹ́yìn Landsmeet, gémù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mẹ́nu kàn án mọ́, àṣìṣe ńlá sì ni, torí ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí wọ́n ti dá a dúró kó dáhùn.

Grey Warden tó bá pa Archdemon, dírágónì tó ń darí darkspawn, máa kú, àyàfi tí ẹ bá gba ètùtù tí Morrigan, àjẹ́ tó ń bá yín rìn, fi lọ̀ yín. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ mú Loghain dání lọ sórí Fort Drakon, ibi ìjà ìkẹyìn. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ní kí ẹ jẹ́ kí òun lọ pa Archdemon náà, ó sì mọ̀ pé òun kò ní bọ̀.