Licence design ní Àjàṣẹ́: ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó sanwó

Àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá pé ṣé káwọn náà lọ forúkọ sílẹ̀ fún licence design (licence ni oyè yunifásítì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀), èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe yẹn, lógò, afíṣì, ojú wẹ́ẹ̀bù, fídíò, gbogbo ẹ̀ pátá, àbí káwọn kàn jókòó sílé káwọn máa wo YouTube. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan níbí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo, lèmi ti ṣe tèmi, mi ò ní dárúkọ wọn torí àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ ò ní dùn mọ́ wọn nínú. Ẹ gba ìdáhùn mi ná kí n tó máa rò ó: tó bá jẹ́ Photoshop, sọ́fúwía tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, nìkan lẹ fẹ́ mọ̀ ọ́n lò, ẹ má lọ o, ẹ fowó yín jẹun. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè rí nílé ni àwọn tó máa wo iṣẹ́ yín níwájú yín, tí wọ́n á sọ ibi tó kù sí láìwojú ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ni mo sanwó fún, mo sì rí i gbà.

Ọdún mẹ́ta ni, sẹ́mẹ́sítà 6, kírẹ́díìtì 180, bíi ti gbogbo licence tó wà nínú ètò LMD (licence, master, doctorat). Ọdún kìíní ló máa ń lé àwọn èèyàn sá. Ẹni tó rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lòun máa jókòó sídìí kọ̀ǹpútà á kàn bá pẹ́ńsùlù àti ìwé pàdé ni, ọwọ́, àga, ìgò, ilé, ẹ yà á, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un yà. Àwọn kan nínú wa ń kùn pé ṣé èyí náà ni wọ́n ń pè ní design kọ̀ǹpútà. Wọ́n tún ní ká lọ jókòó síwájú mọ́sáláṣí ńlá yẹn, èyí tí wọ́n kọ́ lọ́nà tàwọn Àgùdà tó fi jọ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil, ká mú àwọ̀ márùn-ún jáde lára ògiri ẹ̀. Márùn-ún péré! Ẹ lọ wo ògiri yẹn kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ó rọrùn. Àwọ̀ tí mo mú láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán tí oòrùn yí, ó ti di nǹkan mìíràn, mo wá rí i pé àwọ̀ kan ò dá nǹkan kan jẹ́ àfi tẹ́ ẹ bá wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní correction lọjọ́ iṣẹ́ gan-an. Gbogbo èèyàn á lẹ iṣẹ́ tiẹ̀ mọ́ ògiri, prof á máa rìn kiri, kò ní tíì sọ̀rọ̀, àyà á ti máa já ẹlòmíì. Ọmọ kíláàsì wa kan ṣe afíṣì abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́jọ́ kan, ó rẹwà lójú gbogbo wa, òdòdó wà ńbẹ̀, òjìji wà ńbẹ̀, oríṣiríṣi fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà. Prof ní kó padà sẹ́nu ọ̀nà kó dúró síbẹ̀, kó ka ọjọ́ tí wọ́n máa gún abẹ́rẹ́ náà fún òun. Ọmọ náà na ọrùn, ó dijú díẹ̀, kò rí i. Prof ní, "Màmá tó gbẹ́rù lórí lójú ọ̀nà Ouando, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀, ṣé ó máa dúró kó máa wá ọjọ́ kiri lórí afíṣì ẹ ni?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo òdòdó, ó fi ìwé bo lógò, ó bo gbólóhùn tó wà lókè, ó wá ku ọjọ́ yẹn nìkan, ó ní "ṣé o rí i báyìí?" Kò bú u o. Nígbà tí ọmọ náà máa mú un padà wá, ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti máa gún un tóbi gàdàgbà, fọ́ǹtì kan ṣoṣo, òdòdó ti lọ. YouTube ò lè ṣèyẹn fún yín, fídíò ò rí ohun tẹ́ ẹ ṣe.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni kíláàsì tipográfì, ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń to lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ níbí díẹ̀ torí ọ̀rọ̀ àwa ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n fún wa níṣẹ́ pé ká ṣe afíṣì Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún Kétu, gbogbo ọ̀rọ̀ orí ẹ̀ lédè Yorùbá. Àwa náà lọ gba fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ tó jojú ní gbèsè sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ká tẹ "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" sí i báyìí, ó di wàhálà. Àmì ohùn tẹnì kan fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tẹlòmíì gun orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tèmi àpótí kékeré òfìfo ló gbé wá. Prof wá là á yé wa: lẹ́tà "ẹ" tó ní àmì nísàlẹ̀ yẹn ní nọ́ńbà tiẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, U+1EB9, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti gbé àmì ohùn lé e lórí, kò sí nọ́ńbà kan tó kó méjèèjì pọ̀, àmì ohùn ń dá wá lọ́tọ̀ ni, U+0300 tàbí U+0301, fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa gbé e kà. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì tí ò ro ti Yorùbá mọ́ ọn, kò ní fi ibi ìdúró yẹn síbẹ̀, ibẹ̀ ni àmì ti ń ṣubú. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ tún wá ní ti ɛ àti ɔ, dípò ẹ àti ọ, táwọn tó kọ́ èdè níléèwé níbí fi ń kọ Yorùbá, ẹni tó bá ń ṣe afíṣì tí ará Kétu àti ará ìhà Nàìjíríà máa jọ kà gbọ́dọ̀ mọ èyí tóun máa lò, a sì jiyàn lórí ìyẹn dáadáa. Wọ́n ní ká lo Noto ti Google tàbí Gentium ti SIL, ọ̀fẹ́ làwọn méjèèjì, àmì ohùn ń jókòó síbi tó yẹ. Àwa olórí kunkun ò gbà, a ṣí fọ́ǹtì tiwa nínú FontForge, sọ́fúwía tí wọ́n fi ń ṣe fọ́ǹtì, à ń fi ibi ìdúró sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan níkọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò lè kọjá níwájú báńnà ìgbéyàwó mọ́ kí n má wo ibi tí àmì wà, ó ti di àrùn.

Ti ìtẹ̀wé náà, wọ́n gba máàkì. Wọ́n kó wa lọ sílé ìtẹ̀wé ká fojú ara wa rí bí búlúù tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà ṣe máa ń kú tó bá dórí ìwé, torí iná mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣe àwọ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, tàdáwà mẹ́rin lẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, àwọn àwọ̀ kan sì wà tí tàdáwà ò lè dé láéláé. Àbẹ̀bẹ̀ ìsìnkú tẹ́ ẹ máa ń rí tó ní ìlà funfun tínínrín létí yẹn ńkọ́? Mílímítà 3 tó yẹ kí àwọ̀ fi kọjá etí kí wọ́n tó gé e ni wọn ò fi kún un.

Ti sọ́fúwía, mo máa yára. Adobe ni wọ́n fi kọ́ wa, Photoshop tó ti wà láti 1990, Illustrator, InDesign, ṣùgbọ́n láti 2013 ni Adobe ti sọ ẹ̀yà tuntun àwọn wọ̀nyí di ohun téèyàn ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù, ta ló fẹ́ máa san ìyẹn nínú ọmọ-iléèwé Àjàṣẹ́? Bá a ṣe rí i lò, ẹ ti mọ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. GIMP wà, Inkscape wà, Blender wà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kí ló dé tí wọn ò fi ìwọ̀nyẹn kọ́ wa, mo bi wọ́n títí, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Figma la fi ṣe ti ojú wẹ́ẹ̀bù àti áàpù, ọ̀fẹ́ ni fún ọmọ-iléèwé, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, dátà tán, iṣẹ́ tán. Adobe fẹ́ ra Figma náà ní bílíọ̀nù 20 dọ́là ní 2022, nígbà tó di December 2023 wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, kíláàsì wa pariwo bíi pé àwọn Guépards, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀, ló jẹ góòlù.

Ó wá ku ìbínú mi. Yàrá kọ̀ǹpútà wọn ò dáa rárá, ẹ̀rọ ò tó wa, méjì ló ń jókòó sí ọ̀kan, tíná bá lọ ẹ ó máa gbọ́ pé grúpù, ẹ̀rọ amúnáwá, wà ṣùgbọ́n kò sí epo. Prof tó yẹ kó kọ́ wa ní 3D, Kútọnú ló ń gbé, ó pa wá tì fún oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó wá da gbogbo ẹ̀ lé wa lórí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì ṣèdánwò ẹ̀ fún wa láìtijú. Stúdíò fọ́tò tẹ́ ẹ máa rí lórí ìwé ìpolówó wọn, ó wà lóòótọ́, ọ̀dọ̀ dírẹ́tọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà, dírẹ́tọ̀ kì í sí nílé. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ti correction àti tipográfì ló gbé e débẹ̀, ìyókù ò tó ọ̀kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Sábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, ẹ ro owó ilé àti owó zẹ́mì (ọ̀kadà) mọ́ owó iléèwé, ẹ sì ra kọ̀ǹpútà tiyín, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé tiwọn. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba fún ẹ̀ka design yẹn gan-an, torí iléèwé lè ní àṣẹ kí ẹ̀ka kan nínú ẹ̀ má ní, ẹ béèrè bóyá àwọn ọmọ wọn ń ṣe ìdánwò licence ti ìjọba àti iye tó ń yege. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dé Kútọnú, Africa Design School wà ńbẹ̀ láti 2019 lábẹ́ Sèmè City, ètò ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ tuntun, àwọn àti iléèwé design Nantes ní ilẹ̀ Faransé ló jọ gbé e kalẹ̀, ẹ fi wé tibí kẹ́ ẹ tó yàn.

Ọ̀pọ̀ iléèwé, soutenance wọn, ọjọ́ tí ọmọ máa ń gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ níwájú jury, àwọn tó ń dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ fetí sí ohun tí jury ń bi àwọn ọmọ. Tí wọ́n bá ń bi wọ́n pé ta ló máa lò ó, kí ló dé tó fi wà níbí, kí ló dé tí àwọ̀ yìí, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé sọ́fúwía wo lo fi ṣe é nìkan ni wọ́n ń béèrè, ẹ dìde jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ wá zẹ́mì.