Àga àwọn ológun àtijọ́ tí mo ní kí wọ́n kàn fún mi l'Ábẹ́òkúta: àgbéyẹ̀wò mi

Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kò tẹ́. Bí apá kan àgbàlá bá jẹ́ àpáta, apá kejì á jẹ́ yẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti wọ́ lọ. Àga tí wọ́n fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù kàn pọ̀ gírígírí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló máa ń balẹ̀, ìkẹrin á wà lókè. Ẹni tó jókòó á máa mì síwá sẹ́yìn títí oríkèé rẹ̀ á fi tú. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé iṣẹ́ àga onígi àti aláwọ tó ṣeé tú palẹ̀ yìí fún káfíńtà kan ní Asẹ́rò àti oníṣẹ́ awọ kan ní Sábó. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń lò ó, òjò náà sì ti bá a.

Àga Roorkhee ni wọ́n ń pè é. Ìlú Roorkee ní Íńdíà ló ti gba orúkọ, níbi tí àwọn ọmọ ogun onímọ̀ ẹ̀rọ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí kalẹ̀ sí. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin ni àwọn ọ̀gá ológun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri, torí pé wọ́n lè tú u sínú àpò, kí wọ́n sì tò ó padà ní ibùdó tuntun láìfọwọ́ kan òòlù. Ní 1933, Kaare Klint, ará Denmark, ṣe tirẹ̀ tẹ̀ lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní àga Safari. Ti Klint tín-ín-rín, ó rẹwà lójú. Ti àwọn ológun ni mo mú, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ki jù ú lọ, àwọn àbúrò bàbá mi tó máa ń wá kí wa sì síngbọnlẹ̀.

Oríkèé ni gbogbo ọgbọ́n àga yìí wà. Ọ̀pá mẹ́rin ló so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Wọ́n gbẹ́ orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣóńṣó bí òkòtó, wọ́n sì lu ihò ẹsẹ̀ kó fẹ̀ lẹ́nu, kó há nínú. Ẹ ó ki orí ọ̀pá bọ ihò, ẹ ó yí i díẹ̀, ẹ ó gbọ́ tó dún “kín-ín”, ó ti mú nìyẹn. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí ìṣó. Bí èèyàn bá ti jókòó, awọ á fa àwọn ọ̀pá mọ́ra, gbogbo rẹ̀ á túbọ̀ fún. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì láyè láti yẹ̀ díẹ̀, kó wá ilẹ̀ tirẹ̀. Lágbàlá tiwa, tí àpáta yọrí láàárín rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń balẹ̀.

Ibí yìí ni èmi àti káfíńtà ti jiyàn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, kó má baà já yín kulẹ̀.” Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó lórí rẹ̀ bó ṣe wà. Ó jókòó, ó mi ara sọ́tùn-ún sósì, ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kóun náà wá jókòó. Ló bá gbé e lọ sórí òkúta tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó tún jókòó. Kò dárúkọ gọ́ọ̀mù mọ́. Inú mi dùn sí i, torí pé ọ̀pọ̀ káfíńtà ni kò ní dán an wò kí wọ́n tó tako oníbàárà. Nígbà ọyẹ́ tí igi gbẹ tó sún kì, mo kàn yí ọ̀pá náà wọlé sí i ni. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni, ibẹ̀ ni ì bá ti là.

Ọ̀gànwó ló lò. Afàrà ló kọ́kọ́ mú wá nítorí owó, mo sì kọ̀ ọ́, torí pé kòkòrò kì í pẹ́ wọ afàrà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nípọn tó ínǹṣì 1¾. Ó fi ibi tí ihò wà sílẹ̀ ní igun mẹ́rin, ó wá gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, ẹ wo ihò méjì tó wà lára ẹsẹ̀ kan náà: ọ̀kan gbọ́dọ̀ ga ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá pàdé nínú igi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti ṣẹ́.

Awọ ló gba owó jù, ó ju owó igi lọ. Màlúù ń kú lójoojúmọ́ ní Odò Ẹran ní Láfẹ́ńwá, ṣùgbọ́n pọ̀nmọ́ ni awọ rẹ̀ ń dà. Awọ ewúrẹ́ tí àwọn Hausa ń fi èso bàgàrúwá ṣe wà ní Sábó, ó dára fún àpò àti tìmùtìmù, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ jù fún ìjókòó àgbàlagbà. Awọ màlúù tó nípọn tó mílímítà 3.5 sí 4 ni ẹ nílò, Kánò sì ni oníṣẹ́ awọ náà ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó fi òòlu lu ihò rẹ̀ ní títò, ó fi okùn tí wọ́n ti fi ìda pa rán an, ó dá irin bẹ́líìtì mẹ́ta sí abẹ́ ìjókòó kí n lè máa fún un bí awọ bá ti fà. Ohun tó dùn mí ni pé apá ikùn màlúù ló ti gé awọ tí a ń gbé ọwọ́ lé. Awọ ikùn máa ń fà ni. Kò pẹ́ tó fi rọ̀ wọlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e padà, ó gé òmíràn láti ẹ̀yìn màlúù, kò sì gba kọ́bọ̀.

Nígbà ọdún Lísàbí, mo tú u, mo kó o sínú àpò, mo gbé e kọ́ èjìká, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo tò ó tán kí àwọn tó gbé àga oníke dé tó rí ibi tó tẹ́ gbé tiwọn sí.

Ó ní àléébù o. Ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀. Bàbá mi tí orúnkún ń dùn gbádùn àtijókòó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ dìde, awọ ọwọ́ kò ṣeé tì dáadáa, àfi kí n fà wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí òjò pọ̀, awọ náà bu. Mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo sá a síbi afẹ́fẹ́ lábẹ́ ibòji, mo fi òrí díẹ̀ pa á. Ẹ má sá a sóòrùn, á le gbagidi. Ẹ má sì gbé e sẹ́yìn ilé sùn.

Owó rẹ̀ ju ti àga oníke lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n n óò tún san án. Mo ti gbé iṣẹ́ òmíràn, ti bàbá mi, fún àwọn méjèèjì: kí káfíńtà fi ínǹṣì 3 kún ẹsẹ̀, kí oníṣẹ́ awọ sì rán awọ ọwọ́ ní ìlọ́po méjì. Èmi fúnra mi ni mo máa yan ibi tó máa ti gé e.