Ilé aṣòfin kan àbí méjì fún ìpínlẹ̀ ní Íńdíà?
Ká fi Vidhan Parishad, ilé aṣòfin àgbà, kún un ni àbí kí Vidhan Sabha, ilé aṣòfin kékeré, máa dá a ṣe? Tó bá jẹ́ ti owó, ilé kan ló dínwó jù. Ilé méjì ń jẹ́ kí wọ́n tún òfin yẹ̀ wò, àwọn tíṣà àtàwọn gírádúéètì náà sì ń dìbò yan èèyàn tiwọn síbẹ̀, àmọ́ oṣù mẹ́rin péré ni Vidhan Parishad lè fi dá bíìlì dúró, ti owó ò tiẹ̀ ju ọjọ́ 14 lọ (agbára wo wá nìyẹn ná?). Wọ́n sì lè pa á rẹ́: Andhra Pradesh pa tiẹ̀ rẹ́ ní 1985, ó tún padà dé ní 2007. Ìpínlẹ̀ ràbàtà bíi Uttar Pradesh lè jàǹfààní ilé méjì; Goa tí aṣòfin ẹ̀ ò ju 40 lọ, ilé kan tó o.