Ìdánwò ọyún egbò ní lábò kan l'Ájàṣẹ́: ọwọ́ wọn mọ́, àmọ́ wọ́n ń yára da àwo nù

Iṣẹ́ kan ṣoṣo la yẹ̀ wò ní lábò aládàáni yìí: àyẹ̀wò ọyún tó ń jáde lójú iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú antibiogramme rẹ̀, ìyẹn ìwé tó ń sọ oògùn tó lè pa kòkòrò náà àti èyí tí kò ràn án.

Ibi gbígba ọyún ni wọ́n ti dára jù. Sérọ́ọ̀mù (omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò) ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fọ egbò, torí ọyún àná tó gbẹ sójú awọ kún fún kòkòrò ara lásán. Bí ọyún bá kó jọ sínú, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fà á. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá òwú ni, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò tó ti mọ́, wọ́n á máa yí i fún ìṣẹ́jú àáyá 5 títí omi inú ẹran yóò fi sun jáde. Wọ́n sì máa ń béèrè bóyá aláìsàn ti ń lo àǹtíbíótíìkì. Amoxicilline tí èèyàn ti ń gbé mì láti ìjẹta lè mú kí àwo tí wọ́n ń gbin ọyún sí ṣófo nígbà tí kòkòrò ṣì wà nínú ẹran.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé e bọ̀ láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, òwú gbígbẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ lọ́nà. Ẹ gba ọ̀pá òwú tó ní gẹ́ẹ̀lì Amies nínú, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò kú lọ́nà. Ìyẹn lè di ọjọ́ kejì, bí oòrùn kò bá ti pa á nínú mọ́tò.

Lórí kòkòrò tó wọ́pọ̀, èsì wọn ṣe é gbára lé. Fún staphylocoque doré (Staphylococcus aureus), bébà róbótó tó ní oògùn cefoxitine 30 µg ni wọ́n ń gbé sórí àwo. Bí òrùka tó mọ́ yí i ká kò bá tó mílímítà 22, wọ́n á kọ SARM gàdàgbà, ìyẹn staphylocoque doré tí méticilline kò ràn. Ẹni tó bá rí i kó fi cloxacilline àti ceftriaxone sílẹ̀, wọn kò ní ṣiṣẹ́. Nínú èsì, «S» ni oògùn tó ń ṣiṣẹ́, «R» ni èyí tí kò ràn án; ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni lẹ́tà «I» tó wà láàárín, tí wọn kì í túmọ̀. Láti 2019, ní ìlànà Yúróòpù, kì í ṣe «bóyá á ṣiṣẹ́ bóyá kò ní ṣiṣẹ́» mọ́; ó ń ṣiṣẹ́, bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ sí i.

Àléébù tó ká wa lára nìyí: lẹ́yìn wákàtí 48, wọ́n á da àwo nù, wọ́n á kọ «stérile», ìyẹn ni pé kò sí kòkòrò. Ṣùgbọ́n kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Mycobacterium abscessus, òun kì í sáré hù bẹ́ẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ 3 sí 7 kó tó hù. Omi ló ń bá wọ egbò, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga ṣan irinṣẹ́. Ní Bràsíl, ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà wa ti wá, irú rẹ̀ kan yè nínú glutaraldéhyde 2% tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fura sí i: egbò ti jinná, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó wú kókó-kókó, ó pọ́n rúsúrúsú, ihò wẹ́wẹ́ ń sun omi, àǹtíbíótíìkì ojoojúmọ́ kò ràn án, ìwé sì ń kọ «stérile».

Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gba ọyún: kí wọ́n ṣe Ziehl (aró tó ń fi irú kòkòrò yìí hàn lábẹ́ máíkírósíkópù), kí àwo kan wà ní 30 °C, kí wọ́n má dà á nù títí ọ̀sẹ̀ 2. Bí ó bá hù, ẹ béèrè èsì oògùn clarithromycine lórí kòkòrò náà, tí wọ́n kà ní ọjọ́ 14, kì í ṣe ọjọ́ 3 nìkan, torí àbùdá erm(41), tó ń mú kí kòkòrò náà borí oògùn yìí, máa ń pẹ́ jí. S ọjọ́ kẹta lè di R. Wọ́n gbà láti ṣe é bí dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé, bí a bá kàn fi ẹnu sọ ọ́, wọ́n á gbàgbé. Nínú márùn-ún, a fún wọn ní mẹ́ta.

Egbò tí kò pọ́n, tí kò gbóná, tí kò dunni, ẹ má gbé e débẹ̀ rárá. Òwú tí a fi nu egbò tó ń jinná á ṣáà hu nǹkan kan, wọ́n á sì ní kí ẹ lọ ra oògùn.